Pèrègún Ojú Ààlà

Ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún Olúdáre Ògúnbáyọ̀ ní Ìwó, kó yáa ra àbẹ́là sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò mọṣẹ́ o. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì ti wò tì, tó bá dé ọ̀dọ̀ Olúdáre, yóò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀ gan-an ni ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà. "Ẹ padà wá lọ́la," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí pẹ̀lú ẹ̀rín, yóò sì máa fi àkísà nu ọwọ́. Tí ẹ bá padà dé lọ́la, ibi tí ẹ gbé e sí náà lẹ ó ti bá a, adìyẹ á ti yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bọ̀ọ̀dá Ó-Dọ̀la, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn.

Ọ̀lẹ kọ́ ni o, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ ẹ̀ kì í dilẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá pariwo mọ́ ọn jù lọ ló ń dá lóhùn. Ohun tí kò bá ní ẹnu tí yóò fi pariwo, kò sí i nínú ìwé tiẹ̀. Òrùlé yàrá wọn ti ń jò láti ìgbà tí Ṣèyífúnmi àkọ́bí ẹ̀ ti ń rákòrò. Ṣèyí ti wọ ṣẹ́kọ́ndìrì báyìí, abọ́ tí wọ́n fi ń gbe òjò náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀kan nínú ẹrù ilé. Bí iná ìjọba bá sì lọ, àtùpà ni wọ́n ń tàn nílé alátùn-únṣe jẹnẹrétọ̀. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀," Tinúọlá ìyàwó ẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín.

Nínú agboolé ni wọ́n ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, àwọn àti ọmọ àti bàbá ẹ̀ tó ti darúgbó. Ohun kan ṣoṣo ló wà níwájú tí ọkọ àti ìyàwó yìí ń wò, ohun náà ni ilẹ̀ ọ̀nà Kúta. Bàbá Ògúnbáyọ̀, bàbá Olúdáre, tó ṣe kápẹ́ńtà títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló ni ilẹ̀ náà. Bàbá ti dáko níbẹ̀ látìgbà èwe wọn. Nígbà tí ara ò gbé oko mọ́, igbó bò ó. Apá ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, àbàtà pọ́ńbélé ni, àfi kí ẹja lọ kọ́lé síbẹ̀. Iwájú, níbi tó kan títì, ni ilẹ̀ gidi. Ibẹ̀ ni Bàbá ní kí Olúdáre kọ́lé sí, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn níwájú. Bí iwájú yẹn bá lọ, kò sí ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Iwájú yìí kan náà ni wọ́n ti bá Alfa Yékínì pààlà. Ọ̀rẹ́ ni Alfa àti Bàbá Ògúnbáyọ̀, wọn ò wá ìwé kankan. Igi àràbà kan ló dúró létí títì, òun ni ààlà. Apá kan ẹ̀ jẹ́ ti Ògúnbáyọ̀, apá kejì jẹ́ ti Yékínì. Lọ́dún kan, ìjì gbé àràbà náà ṣubú. Aṣẹ́gi gé e lọ, ikán jẹ kùkùté ẹ̀, àwọn ìjọba wá fẹ títì sí i, koríko sì bo ìyókù. Àwọn àgbà méjèèjì ní kò burú, pèrègún làwọn ó gbìn sójú ẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé pèrègún ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀? Ẹni tó bá fà á tu, ọ̀ràn ló fà. Ṣùgbọ́n lápá ibẹ̀ yẹn, ẹnì kan kì í dá pèrègún ààlà gbìn. Àwọn méjèèjì tí ilẹ̀ wọn pàdé ni yóò jọ di igi náà mú, wọn ó jọ tì í bọlẹ̀, wọn ó jọ fẹsẹ̀ kì í. Ẹni tó bá dá a gbìn, olè ni wọn ó máa pè é títí ayé. Àwọn bàbá náà sì ní ẹsẹ̀ àwọn ti ń lọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó máa jogún ilẹ̀ ni kó wá dì í mú, kó má bàa di pé lọ́jọ́ iwájú ẹnì kan á sọ pé ojú òun kọ́ ni wọ́n ti ṣe é.

Badrudeen ọmọ Alfa Yékínì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú n'Íbàdàn, wálé nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Á gé pèrègún, á gbé e lé ọ̀kadà, á lọ dúró sínú oòrùn létí títì pẹ̀lú àwọn bàbá méjèèjì. Olúdáre ò ní í yọ. Nígbà kan, jẹnẹrétọ̀ ilé ìgbéyàwó ló dì í mú. Nígbà mìíràn, ó ti wọ bàtà, ó ti ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, oníbàárà kan bá pè é láti ẹ̀yìn, ó ní òun á kàn yẹ pílọ́ọ̀gì ẹ̀ wò ni. Yíyẹ̀wò yẹn di ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà jókòó sórí koríko títí ewé pèrègún fi rọ. Nígbà tó délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó di Sátidé tó ń bọ̀."

Bàbá ní kó dìde. "Dáre, ilẹ̀ ò ní í lọ síbì kankan. Èmi ni mò ń lọ."

Olúdáre rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ò ní í lọ síbì kankan lágbára Olúwa. Ó lọ jẹun.

Alfa Yékínì ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti ṣe àdúà tán, Bàbá Ògúnbáyọ̀ di ọwọ́ Olúdáre mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Wọ́n ní, "Nínú àwa àgbà méjèèjì, ojú kan ṣoṣo ló kù tó mọ ibi tí àràbà wà. Jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá báyìí kí n fi hàn ọ́. Tí Badru bá tún wálé, ẹ̀yin méjèèjì á gbìn ín."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sinmi lórí òkú yìí ná."

Ọ̀rọ̀ gidi lèyí, àbí? Ta ni í bá òkú jà? Ohun tó burú nínú fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la nìyẹn, àwáwí ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́. Òkú wà nílẹ̀ lóòótọ́. Òjò rọ̀ lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn òjò, orúnkún ń ro Bàbá lóòótọ́. Òótọ́ gun orí òótọ́, ọdún sì yípo lójú gbogbo wa.

Nígbà tí ọdún fi máa yípo, iyè Bàbá ti ń ra. Ó bẹ̀rẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n á dìde gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n á dúró láàárín, wọ́n á máa wo àwọn èèyàn bíi pé àwọn ló jí ìyókù àdúrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ìsìn bọ̀, wọ́n ṣìnà ilé, àwọn ọlọ́kadà ló gbé wọn dé láti ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Tinúọlá ní Mercy, orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú. Tinúọlá ní kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́sibítù. Olúdáre ní ogbó ni, òun á gbé wọn lọ tí iṣẹ́ bá fúyẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ ò fúyẹ́.

Lọ́jọ́ kan báyìí, Tinúọlá ti ọjà Kúta bọ̀, ó ru gàrí. Kò tilẹ̀ dé ilé tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀. Olúdáre ti tú jẹnẹrétọ̀ ilé ìfarí kan palẹ̀, ó tẹ̀ ba síbẹ̀.

"Bàbá Ṣèyí, katakata wà lórí ilẹ̀ yín."

"Hùn?"

"Mo ní katakata ń ro ilẹ̀ ọ̀nà Kúta. Ó ti dé ibi tí ẹ sọ pé a ó kọ́lé sí."

"Màá lọ wò ó lọ́la," ni Olúdáre wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Tinúọlá ò bá a jà. Ó rọra sọ gàrí kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ń sunkún, ó ń bi í pé, "Ọ̀la wo? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la wo ló kù?" Àwọn obìnrin alata pa ẹ̀rọ wọn. Ìgbà náà ni Olúdáre tó gbé sípánà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò tíì bà á rí, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara ẹ̀ sọ ni.

Nígbà tó débẹ̀, ilẹ̀ ti di pẹrẹsẹ, ó pupa yòò láti etí títì títí dé ibi tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí igbó, kò sí koríko, kò sí òkìtì, kò sí ohunkóhun tí èèyàn lè tọ́ka sí. Badrudeen tó dúró ti katakata rí i, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ kí i nínú erùpẹ̀ náà.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mo pe fóònù yín títí, ẹ ò gbé e. Ilé kéwú ni mo fẹ́ kọ́ síbí ní orúkọ bàbá mi."

"Badru, o ti wọ ilẹ̀ wa."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí bàbá mi fi hàn mí kí wọ́n tó kú ni mo jẹ́ kí katakata dé. Mi ò kọjá ẹ̀."

"Àràbà ò sí níbí. Ọ̀hún ló wà."

"Ọ̀hún níbo, ẹ̀gbọ́n?"

Olúdáre la ẹnu. Ó mọ àràbà yẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, tó ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá lọ sóko, ó mọ bí òjìji ẹ̀ ṣe máa ń tutù lára. Ó mọ àwọn àdán orí ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tó dúró sí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà níwájú ẹ̀ yìí. Ó nawọ́ síbí, ó fà á padà, ó nà án síbòmíì.

Badrudeen ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ṣì wà láyé. Kí wọ́n wá. Ibikíbi tí wọ́n bá fọwọ́ hàn, mo fara mọ́ ọn, kódà kó jẹ́ àárín gbùngbùn ibi tí mo fẹ́ kọ́lé sí."

Ọmọlúàbí ni Badrudeen, ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú gan-an nìyẹn. Ká ní olè ni, Olúdáre ì bá rí ẹni bá wọ̀yá ìjà. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀. Baálẹ̀ ní kò tó ariwo, kí kálukú mú àgbà ẹ̀ wá ní Tọ́sìdeè kí oòrùn tó kàntàrí, kí Badrudeen gé pèrègún dání, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ààlà yìí máa tán.

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkùnrin tí kì í kánjú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó gbé Bàbá lọ sọ́sibítù nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó bi Olúdáre pé láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, Olúdáre sọ fún un. Dókítà mi orí. Ó ní oògùn wà tí ì bá ti dín eré ẹ̀ kù ká ní wọ́n tètè wá, pé èyí tó ti lọ kì í padà. Olúdáre jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, kò mọ ìgbà tí Bàbá fi àkísà nu ojú fún un bí ọmọdé.

Ó ké sí gbogbo àwọn tó ti dáko lápá ibẹ̀ rí, títí dé Ilé-Ogbó. Ẹni kan ní àràbà wà lójú kọ́fáàtì tí omi ń gba abẹ́ títì kọjá gan-an. Ẹlòmíì ní rárá o, ó jìnnà sí kọ́fáàtì. Ẹnì kẹta ní igi ìrókò ni, kì í ṣe àràbà. Ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá.

"Bàbá, àràbà. Àràbà etí títì, lọ́nà Kúta."

Ojú Bàbá tàn. "Àràbà. Àdán ló kún orí ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Níbo ló dúró sí?"

"Kí ló dúró?"

"Àràbà, Bàbá."

"Àdán burú," ni Bàbá wí. "Wọ́n a máa jẹ ìbẹ́pẹ."

Olúdáre kọ orin ìjọ fún wọn, torí wọ́n ní orin a máa fa iyè padà. Bàbá gbe orin náà láìsí àṣìṣe, ẹsẹ kan kò yẹ̀, àmọ́ orí orin náà ló parí sí. Ó gbé ayùn àti hámà wọn àtijọ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Ó fi ẹfun ya títì àti àbàtà sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó ní kí wọ́n fi ìka hàn án. Bàbá fi ìka pa á rẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, inú bí Olúdáre, ó di èjìká bàbá ẹ̀ mú, ó mì í, ó ní, "Ẹ rántí, ẹ rántí nítorí Ọlọ́run." Ṣèyífúnmi ló rí i, ló ké, "Dádì!" Olúdáre ju ọwọ́ sílẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó gbé wọn lọ sórí ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀, ó ní bóyá ẹsẹ̀ á rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n wo ilẹ̀ pupa yẹn, wọ́n tún di ọ̀kadà mú. Wọ́n ní, "Níbo lẹ gbé mi wá yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé. Mo fẹ́ lọ sóko." Ojú oko wọn ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń sọ ọ́.

Nígbà tó kù bí ọ̀la tí wọn yóò pàdé, Olúdáre tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Kò tíì fojú kan oorun gidi láti ọjọ́ katakata. Ó bẹ Ọlọ́run. Kò béèrè ilé mọ́, kò béèrè ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Olúwa, ẹ kàn fún mi ní àárọ̀ kan péré tí orí wọn á pé." Ó ń tún un sọ títí oorun fi gbé e lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́? Àwọn mọ́ṣáláṣí ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun àárọ̀ tán ni. Bàbá ló jí. Ohùn wọn já gaara, ohùn díákónì, ohùn tí Olúdáre ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Dáre."

"Hùn."

"Dìde. Jẹ́ ká lọ gbin pèrègún yẹn kí oòrùn tó mú. Wá, mo rántí ibẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún ọ."

Oorun ṣì wà lójú Olúdáre. Kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀, àṣà ló sọ̀rọ̀, àṣà tí kì í sùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ó mọ́ dáadáa ná, Bàbá." Ó fa aṣọ bora, ó kọjú sí ògiri.

Ìgbà tí iyè ẹ̀ tó sọ ohun tí etí ẹ̀ gbọ́ fún un, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé láti ojú fèrèsé. Ó ta gìrì dìde. Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù oko, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n gbé àdá lé orí itan. Wọ́n ti múra, wọ́n ti dúró dè é.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá yí ojú sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Ẹ káàárọ̀, sà," ni wọ́n wí. "Ta lẹ wá rí?"

Bàbá tó bí i ló ń pè é ní ẹ̀yin. Olúdáre kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi orí lé orúnkún Bàbá, ó sì kígbe sínú ẹ̀wù oko náà kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ ní pálọ̀. Nígbà tí Tinúọlá gbé omi ìwẹ̀ wọlé, ó bi í pé ṣé Bàbá sọ nǹkan kan. Olúdáre ní wọn ò sọ nǹkan kan. Irọ́ tó pa gan-an nìyẹn, kò sì lè tú u títí di òní.

Wọ́n pé síbẹ̀ kí oòrùn tó kàntàrí, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé mélòó kan, Badrudeen pẹ̀lú ìyá ẹ̀ Àsmá'ù, Olúdáre àti Tinúọlá. Wọ́n gbé àga fún Bàbá. Pèrègún wà nílẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, wọ́n ti fi àdá gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣóńṣó. Inú Bàbá dùn sí èrò. Wọ́n ń kí kálukú, wọ́n ń béèrè ilé.

Baálẹ̀ tẹ̀ sún mọ́ wọn. "Bàbá Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, àràbà tó jẹ́ ààlà ẹ̀yin àti olóògbé Alfa, níbo ló wà?"

Bàbá mi orí. "Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Dáre dé ná. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti ṣe é."

"Dáre rèé níwájú yín, Bàbá."

Bàbá wo Olúdáre láti òkè délẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má bàa ṣẹ̀ ẹ́. "Èyí kọ́," ni wọ́n wí. "Dáre kì í tètè dé báyìí. Tó bá di ọ̀la, á dé."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Olúdáre, ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra. Badrudeen ń wo ilẹ̀. Wọ́n tún bi Bàbá, Bàbá tún ní àwọn ń dúró de Dáre. Wọ́n bi wọ́n títí ó fi sú Bàbá, ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa àga náà bíi pé wọ́n ń yẹ igi ẹ̀ wò.

Baálẹ̀ na ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀. "Olúdáre, ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Fi ọwọ́ hàn wá. Badru ti ní tí ìwọ bá búra, òun á gbà. Ṣé wàá fi Bíbélì búra sí i?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ ẹ̀. Ti Tinúọlá ló le jù. Ojú yẹn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà nawọ́, ibi yòówù kó jẹ́, kó ṣáà nawọ́. Ó sì nà án. Ọwọ́ náà gbéra lóòótọ́ lójú gbogbo wọn, ó lọ díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó dúró. Níbo? Ó lè jẹ́ ibí. Ó lè jẹ́ ibi tí Badrudeen sọ náà, kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bàbá mọ̀ ọ́n. Bàbá fẹ́ fi hàn án létí sàréè, Bàbá fẹ́ fi hàn án láàárọ̀ yìí. Òun nìkan ni ò lọ.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n, Baálẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n bi í ní nǹkan tó dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Tinúọlá tún ìró ẹ̀ ró, ó yí padà, ó rìn lọ sójú títì, kò bojú wẹ̀yìn.

Badrudeen fi Àlùkùránì búra. Ó ní ibi tí bàbá òun fi han òun nìyí, bí bàbá òun bá ṣì í mọ̀, kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wọn. Baálẹ̀ ní ó tó, kí wọ́n mú igi. Olúdáre bẹ̀rẹ̀, ó di pèrègún náà mú nísàlẹ̀, Badrudeen dì í mú lókè. Wọ́n jọ tì í bọ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí katakata ti ro gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní apá tó kù fún àwọn Ògúnbáyọ̀, koríko àbàtà ló wà, àti omi tó ń dán.

Wọn ò tíì fẹsẹ̀ kì í tán tí Bàbá fi dìde lórí àga. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Wọ́n wá, wọ́n fi bàtà tẹ ìdí pèrègún náà yíká, wọ́n di ojú kan, wọ́n wò ó bí kápẹ́ńtà ṣe ń wò ó bóyá òpó dúró gán-án. Wọ́n fi ọwọ́ tì í díẹ̀ sápá kan. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi ṣe é."

Badrudeen kọjú sápá ibòmíràn. Bàbá gbé ọwọ́ lé èjìká Olúdáre.

"Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí Dáre ọmọ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé a ti gbìn ín o. Kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́."

"Màá sọ fún un, sà," ni Olúdáre wí. Ó nu erùpẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ sára ṣòkòtò, ó di Bàbá lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rọra ń rìn lọ sójú títì.